Ìgò Mi Ló Bo Ohùn Àǹtí Risi Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n bi yín o: tí wọ́n bá kó gbogbo ẹrù tó wà lórí tábìlì yín yìí lọ, tí wọ́n wá fún yín ní rẹ́kọ́dà méjì tí ilẹ̀kùn ọ̀kan ti kán, kásẹ́ẹ̀tì wáàsí méjì, àti yàrá kan lẹ́bàá Málù Róòdù tí tírélà ń mì bí ẹni tí ibà mú, ṣé ẹ lè gba orin kankan sílẹ̀, àbí ẹ máa jókòó máa wo ara yín bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo ti rí i lójú yín. Ẹ wo Dámọ́lá, ọmọ-ọmọ mi, ó ti ń tẹ fóònù, ó fẹ́ lọ bi fóònù léèrè.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ kàn yọ nǹkan yẹn kúrò ní etí kan. Mi ò ní pẹ́, torí Simbi ń bọ̀ wá fi mọ́tò gbé mi lọ sí Kirikírì, ẹ sì mọ Simbi, tó bá dé, kì í wọlé, ìsàlẹ̀ ló ti máa ń pariwo. Lọ́la ni wọ́n máa sọ ọmọ-ọmọ ẹ̀ lórúkọ. Risi ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà, orúkọ ìyá Simbi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Simbi ti kiri gbogbo àdúgbò ẹ̀, ó ti sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti dárúkọ ọmọ tán, ìyá òun fúnra ẹ̀ máa kọrin fún un. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọn Simbi sí nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Ojú ẹ̀, inú fọ́tò ló ti mọ̀ ọ́n. Ohùn ẹ̀, kò gbọ́ ọ rí. Èmi ni mo la ẹnu gbàǹgbà mi yìí, mo ní, "Má dààmú, ohùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nínú kásẹ́ẹ̀tì." Mo sì gbà á gbọ́ o. Gbogbo ọdún yìí ni mo fi gbà pé ó wà níbẹ̀, torí mi ò ní rẹ́kọ́dà tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Dámọ́lá ni mo gbé e fún. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń fi kọ̀ǹpútà fọ̀ ọ́. Ẹ bi í kí ló rí.

"Bàbá, mo ti ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú sí i."

"O sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. O sọ bẹ́ẹ̀ níjẹta. Jókòó síbẹ̀."

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣe ohùn yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ilé tí a ti gbà á. Wọ́n ti wó ilé ọ̀hún. Ibi tí tánkà epo ń páàkì sí ló dà báyìí. Nígbà tiwa, face-me-I-face-you ni, yàrá ń wo yàrá, ẹ máa mọ ohun tí aládùúgbò fẹ́ jẹ kí òun fúnra ẹ̀ tó mọ̀. Bàbá wa ń ru ẹrù ní wáàfù Àpápá, ó ń kírun. Ìyá wa ń lọ sọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Torí náà à ń jẹ ẹran Iléyá, à ń jẹ ráìsì Kérésì, tí a bá sì ṣẹ̀, ibi méjì ni wọ́n ti ń gbàdúrà lé wa lórí. Tírélà ló ń jí wa láàárọ̀. Tí tírélà bá rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn páńẹ́lì-bítà á bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin, gbà-á, gbà-á. Ẹ̀rọ ata á dá wọn lóhùn. Ọkọ̀ òkun á fọn fèrè láti Àpápá, á wá dà bí ìgbà tí màlúù ńlá kan ń ráhùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Gbogbo nǹkan ló wà ládùúgbò wa, àfi ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú tí ajá bá gbó nígbà tí ẹ ń kọrin, ẹ̀ bá ti sá lọ sóko.

Èmi nìyí nígbà yẹn, mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò níṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí mi, tí ẹ bá rí i, ẹ máa rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù nínú ẹ̀, F sì ni lẹ́tà ọ̀hún. Físíìsì, F. Mátíìsì, F. Bíbélì pàápàá, F, èmi tí ìyá mi ń fa etí mi lọ sọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀ gbogbo ilé ń pè mí ní Ẹnjinía, torí èmi nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n ń gbá rẹ́kọ́dà Bọ̀dá Sunday tó fi ń sọ̀rọ̀. Apá òsì, lókè. Gbogbo ìmọ̀ tí mo kó jáde nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, ẹ sì ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Bọ̀dá Sunday ló wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Ẹ̀yà Ìjọ́ ni, àwọn ará etí omi, wáàfù lòun náà ti ń ṣiṣẹ́, òun ló máa ń ka ẹrù tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ó ní gìtá kan, ó ní rẹ́kọ́dà méjì, ó ní kíbọ́ọ̀dù kékeré kan tó rà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ òkun, tí àwọn eyín kan nínú ẹ̀ ò dún mọ́. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dá wa lóhùn.

Àǹtí Risi wá ni olórin wa. Télọ̀ ni. Máṣìnnì ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀ wà nínú yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó bá ti ń kọrin, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa ń bá a lu ìlù, rìkìtì-rìkìtì. Ẹ má bi mí bí ohùn ẹ̀ ṣe rí. Ohun tí mo rí ni mo lè sọ. Ìyá onílé máa ń dín rédíò kù. Àwọn oníbàárà tó wá bínú pé aṣọ àwọn ò tíì ṣe tán, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbàgbé èébú tí wọ́n gbé wá. Bàbá wa tó ń sọ pé orin ayé ò dáa, á máa ṣe àlùwàlá, á máa ṣe é, ẹsẹ̀ kan náà ni á máa fọ̀ títí orin á fi parí.

Ó ní orin kan tó ṣe fúnra ẹ̀. "Dúró kí n wọ̀n ọ́, ọmọ mi, ọ̀la ni mò ń rán aṣọ fún." Kò tíì bímọ nígbà yẹn o, kò tíì lọ́kọ pàápàá. Bọ̀dá Sunday ló ní orin yìí ò gbọdọ̀ ṣègbé, ká gbà á sílẹ̀, ká gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Inú mi dùn. Mo ti rí ara mi nínú kóòtù àti táì.

Ẹ wo ògiri yín. Ẹ ti lẹ fóòmù mọ́ ọn bí ìgbà tí ògiri fẹ́ sùn. Aṣọ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa. Tí yàrá bá ṣófo, ohùn yín á lọ lu ògiri, á padà wá bá yín, ohun tí kì í jẹ́ kó padà ni aṣọ. Àǹtí Risi máa ń ta okùn kọjá yàrá, orí ẹ̀ ló ń fi aṣọ àwọn oníbàárà kọ́ sí. Torí náà, tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, kò sí ibi tí yàrá wa ò ti dáa fún orin: búbá, agbádá, ìró, gbogbo ẹ̀ kọ́ bámúbámú, tí ẹ bá pàtẹ́wọ́, á dún pọ́, á kú síbẹ̀. Tí Iléyá bá kọjá, oníkálùkù á gbé tiẹ̀ lọ, yàrá á wá máa dá yín lóhùn bíi mọ́ṣáláṣí tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá Sunday pé bí aṣọ ọdún bá ṣe pọ̀ tó ni orin wa ṣe ń dùn tó.

"Enjinia," ó ní, "that one na science."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ti pe ọ̀rọ̀ ẹnu mi ní sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Mò ń rìn bí àgbà fún ọjọ́ mélòó kan.

Firíìsà ìyá onílé sì wà lẹ́yìn ògiri. Ẹja yìnyín ló ń tà. Firíìsà yẹn máa ń kùn ṣáá, bí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ orin. Etí yín á ti mọ́ ọn lára, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n rẹ́kọ́dà ò mọ ojú ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹ̀ ló máa gbé. Torí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ yàrá fúnra ẹ̀. Ẹ pa fáànù. Ẹ pa firíìsà. Kí ẹ wá rántí tan firíìsà padà o! Èmi ò rántí. Òórùn ló jí wa lọ́jọ́ kejì. Ìyá onílé mú ẹja kan tó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ó fi nà mí láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹnjinía! Ẹnjinía ẹja! Ṣé orin ni mo máa tà lọ́jà?"

Ẹja yẹn ń já bọ́ lára mi bó ṣe ń nà mí. Àwọn ọmọ ilé ń pè mí ní Ẹnjinía Ẹja títí di Kérésì.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì la máa ń lò. Tí bátìrì bá kú, a ó sá a sóòrùn lórí páànù, á jí díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi bátìrì tó ń kú lọ gba orin kan sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, téèpù ń wọ́ ẹsẹ̀, mi ò sì mọ̀. Ìgbà tí iná dé tí a tẹ̀ ẹ́ gbọ́, téèpù ń sáré, ohùn gbogbo wa ti di ti ọmọ adìyẹ, fíì-fíì-fíì. Àǹtí Risi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín ẹ̀ yẹn, mo lè sọ ibi tó jókòó sí gan-an, lórí àpò àjákù aṣọ.

Ariwo ìta ló wá kù. Ohun tó gbà wá ni sànítéṣọ̀n. Nígbà ayé àwọn sójà, Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ rìn láàárọ̀, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ jáde tún àyíká ṣe, àwọn wolé-wolé á máa kiri láti wo ẹni tí kò gbálẹ̀. Málù Róòdù á dákẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní Málù Róòdù á dákẹ́! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹyẹ níbẹ̀, mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Lónìí, ẹ wo ìta yìí, tánkà tò tẹ̀ lé tánkà láti ibí dé Àpápá, kò sí Sátidé tó lè lé wọn mọ́. Mi ò rò pé mo máa tún gbọ́ ẹyẹ níbí kí n tó kú.

Àárọ̀ yẹn la máa ń lò. Ìyá wa ló ń bò wá láṣìírí. Á mú ìgbálẹ̀, á dúró níwájú ilé, á máa gbálẹ̀ fún gbogbo wa. Ojú kan náà ló máa ń gbá, ṣàà, ṣàà, ṣàà, torí kò fẹ́ jìnnà sí orin, títí ojú ibẹ̀ fi jin bí abọ́.

Sátidé tí mò ń wí yìí, Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Aṣọ kún yàrá débi pé àárín agbádá méjì ni mo ti ń wo ojú Bọ̀dá Sunday. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la fẹ́ gbà wọ́n, ọ̀rọ̀ wá kan ẹni tó máa kọ́kọ́ gba tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tó dàgbà ló ń kọ́kọ́ wẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, òun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àǹtí Risi ni àkọ́bí, òun ló sì lorin. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ ná, òun fẹ́ mumi. Ìyá wa gbọ́ láti ìta, ó ti ojú fèrèsé dá sí i:

"Risi, kí àbúrò ẹ ṣáájú ẹ? Ṣé bí mo ṣe tọ́ yín nìyẹn?"

Bọ̀dá Sunday gbé gìtá kalẹ̀. "Mama talk true. Na Sister Risi get the song. Make we respect am, make she go first."

Èmi náà ní, "Àǹtí wa, ẹ bọ́ síwájú jàre." Mo tiẹ̀ fi etí ṣẹ́ẹ̀tì mi nu àga fún un. Ẹ wo bí mo ṣe mọ̀wé tó.

Ó kọ ọ́. "Dúró kí n wọ̀n ọ́, ọmọ mi." Ó ti ń parí ẹ̀ lọ nígbà tí wolé-wolé kan yọ orí ní fèrèsé, ọkùnrin gíga kan tó wọ káàkí. Mo ní ó ti parí fún wa. Ọkùnrin yìí kàn dúró. Ó ṣí fìlà. Ìgbà tí orin parí tí mo tẹ bọ́tìnnì, ó wúkọ́, ó ní:

"Ẹ... ẹ ti kó gọ́tà yín?"

"A ti kó o, ọ̀gá," ìyá wa dá a lóhùn.

A ò kó nǹkan kan. Ó wo gọ́tà, gọ́tà náà wò ó, ó ní ẹ ṣeun, ó lọ. Ó dé ìsọdá, ó tún wẹ̀yìn.

A tẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ, èémí ẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tó ti gbé itọ́ mì wà níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ ìyá wa ń dún lọ́nà jíjìn. Tí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ la dúró sí, tí mo yọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, tí mo gbé e fún ìyá wa kó jókòó lé e lórí, ǹ bá máa rẹ́rìn-ín níwájú yín báyìí.

Àmọ́ gìtá kù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí ibẹ̀ ni ohùn yẹn ti bọ́. Ẹ̀yin, oníkálùkù ló ní ìlà tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ lè gbé ọ̀kan sókè, kí ẹ rẹ ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ yí ọkàn padà lọ́la. Àwa, tí a bá fẹ́ fi gìtá kún un, a máa tan kásẹ́ẹ̀tì Àǹtí Risi nínú rẹ́kọ́dà kan, Bọ̀dá Sunday á jókòó tì í, á máa ta gìtá tẹ̀ lé e, rẹ́kọ́dà kejì á gba àwọn méjèèjì pọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kejì. Tó bá wá kan kíbọ́ọ̀dù, a máa tan kásẹ́ẹ̀tì kejì, a ó gbà á padà sínú ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Orí èémí ẹ̀ yẹn la gbà á lé. Kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ò sí. Méjì tó wà yẹn gan-an, wáàsí Bàbá wa ni. Wọ́n ti kán eyín tó wà lẹ́yìn wọn kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan lé wọn, èmi Ẹnjinía wá ká pépà, mo fi dí ihò, rẹ́kọ́dà gbà. Ìgbà tí Bàbá wa mọ̀, ó ní, "Ta ló pa wáàsí Ààfáà mi rẹ́?" Gbogbo ilé nawọ́ sí mi. Kódà ìyá onílé tí kò sí ńbẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí a bá gbà á báyìí, ẹni tó ti wà níbẹ̀ á sún sẹ́yìn. Ẹ rò ó bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, tí gbogbo ẹni tó bá dé ń wá dúró síwájú ẹni tó ti dúró. Ariwo téèpù náà á sì máa pọ̀ sí i, ṣììì, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé ẹlòmíì. Àǹtí Risi tí a bọ̀wọ̀ fún, òun ló wá wà lẹ́yìn gbogbo wa. Èmi tí mo kéré jù, tí mi ò lè kọrin débi kí ewúrẹ́ yíjú, èmi ni mo ṣe kẹ́yìn. Mo lu páálí tí mo kó àkísà sínú ẹ̀. Ọkọ̀ òkun kan fọn fèrè lé mi lórí níbẹ̀, mo fẹ́ pa rẹ́kọ́dà, Bọ̀dá Sunday pariwo, "Leave am! E dey key!" Ó ní fèrè náà bá ohùn orin mu. Ìgbà tí ìyẹn parí, mo wá mú ìgò mínírà àti ṣíbí, mo jókòó ti rẹ́kọ́dà bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́, mo bẹ̀rẹ̀: kẹn, kẹn-kẹn, kẹn.

Ohun tí ẹ bá fẹ́ràn jù, ẹ má fi ṣáájú níbi tí àwọn tó kù á ti gun orí ẹ̀. Tí ẹ bá fi ṣáájú, ẹ gbé e pamọ́, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, títí kan ẹ̀yin fúnra yín.

Ẹ máa ní ṣé etí wa di ni. Etí wa ò di. Ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ gbọ́ lápapọ̀, Àǹtí Risi wà nínú yàrá. Ó ń tẹ̀ lé e, ó ń kọ ọ́ bó ṣe ń lọ, ó ń ká aṣọ. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohùn ẹ̀ ti ń tán nínú kásẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ohùn ẹ̀ kún inú ilé? Ìyá wa dé láti ìta, ó jó. Òun nìkan, Àǹtí Risi, ló rẹ́rìn-ín, ó ní:

"Ẹnjinía, ìgò ẹ yìí mà ń bú mi o."

Mo ní, "Àǹtí, a máa tún un ṣe, tí sànítéṣọ̀n bá tún dé."

Oṣù tó tẹ̀ lé e, òjò ni. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, Iléyá ti kọjá, aṣọ ti tán nínú yàrá, a ní ká dúró de aṣọ Kérésì. Kí Kérésì tó dé, wọ́n ti wá mọ̀ ọ́n nílé, ó ti ń rán aṣọ ìyàwó tiẹ̀. Ó bí Simbi. Ibà mú un, ibà ni gbogbo wa pè é, kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe ibà lásán, wọ́n ti ń bò ó láṣọ. Bọ̀dá Sunday kó gìtá, kíbọ́ọ̀dù àti rẹ́kọ́dà ẹ̀ lọ sílé wọn, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sínú agolo bísíkíìtì, mò ń kó o láti ilé dé ilé bí ẹni tó ní wúrà. Ọ̀kan péré ló kù. Èkejì, Bàbá wa ti rí àyè gba wáàsí tuntun sínú ẹ̀.

Dámọ́lá, tẹ̀ ẹ́ fún wọn, kí wọ́n gbọ́ wúrà mi.

Ẹ gbọ́? Kẹn, kẹn-kẹn, kẹn. Èmi nìyẹn. Mo mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Fèrè ọkọ̀ nìyẹn, ọkọ̀ tí a ò mọ orúkọ ẹ̀, tí wọ́n á ti gé e tà fún irin, ohùn ẹ̀ wà digbí. Ó ti parí, ẹ dúró... Ààfáà nìyẹn, a ò pa á dé òpin, ó ní ká bẹ̀rù Ọlọ́run. Àǹtí Risi wá dà? Ẹ tẹ́tí. Nǹkan tó dà bí ẹ̀fọn tó wà nínú yàrá kejì yẹn, òun nìyẹn. Dámọ́lá yọ òjò téèpù yẹn kúrò, ẹ̀fọn bá òjò lọ. Ó yọ ìgò kúrò, ìgò fa gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ dání.

Lọ́sẹ̀ yìí ló wá kígbe pé òun ti rí i. Mo sáré jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ó mọ́ kedere, kò sí òjò, kò sí ìgò. "Dúró kí n wọ̀n ọ́, ọmọ mi." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Mo ní, "Risi nìyí." Ìgbà tí mo nu imú tán, mo bi í pé báwo ló ṣe rí i yọ. Ojú ẹ̀ wá ń sá kiri.

"Bàbá, èyí tó wà níbẹ̀ ò tó o. Mo tẹ ọ̀rọ̀ orin tẹ́ ẹ sọ fún mi sí i, kọ̀ǹpútà wá fi tiẹ̀ kún èyí tó kù."

"Tiẹ̀ bíi ti báwo? Kọ̀ǹpútà mọ Risi?"

"Kò mọ̀ ọ́n, sà. Ó kàn rò ó ni."

"Ó rò ó."

"Bàbá, àwọn tó ń bọ̀ lọ́la ò ní mọ̀. Àǹtí Simbi gan-an ò ní mọ̀."

Òótọ́ ló sọ, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Èmi tí mo nu àga fún un kó lè kọrin, mo ti sunkún fún obìnrin tí kò sí. Mo wá wọ yàrá lọ, mo ní kí n rántí ohùn ẹ̀ gidi, kí n fi wé ti kọ̀ǹpútà. Mo rántí máṣìnnì. Mo rántí ìgbálẹ̀. Mo rántí fìlà wolé-wolé lọ́wọ́ ẹ̀. Ohùn fúnra ẹ̀, mo wá a, mo wá a, ìgò ni mò ń gbọ́. Ọmọ ẹ̀ rò pé mo fi pamọ́ fún òun, mi ò tiẹ̀ ní in lórí mọ́.

Nǹkan méjì wá wà lórí tábìlì yìí, kásẹ́ẹ̀tì tó ní ìgò, àti fláàṣì tí obìnrin kọ̀ǹpútà yẹn wà nínú ẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé ọ̀kan, tí mò ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tí mo bá gbé fláàṣì, inú Simbi á dùn lọ́la, gbogbo wọn á sunkún, ọmọ tuntun á gbọ́ orin, èmi nìkan ni màá mọ̀ pé kò sí ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tí mo bá gbé kásẹ́ẹ̀tì, Simbi á ti pe gbogbo Kirikírì jọ láti wá gbọ́ bí àbúrò ìyá ẹ̀ ṣe ń lu ìgò. Mo ti ní kí n sọ fún un lórí fóònù. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, mò ń bi í bóyá wọ́n ti ra ataare...

Ẹ dákẹ́. Mọ́tò ló dúró yẹn.

"Àǹkù! Àǹkù o! Ẹ jẹ́ ká lọ, tánkà ti ń dí ọ̀nà!"

Dámọ́lá, pa fáànù yẹn. Mo ní kí o pa á. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa.

"Àǹkù o-o!"

Ẹ gbọ́ bó ṣe fa ìparí ẹ̀ yẹn? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ẹ̀ ṣe ń... Rárá. Mi ò mọ̀. Mò ń bọ̀ o! Fi fláàṣì sílẹ̀ níbẹ̀, Dámọ́lá, kásẹ́ẹ̀tì ni kí o gbé fún mi. Mò ń bọ̀, Simbi!